Ilé Funfun Létí Odò Brazos

Lọ́dún 1996, Ùsáínì ra RV, ọkọ̀ gàgàrà tó ní ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ó gbé e síwájú ilé wọn ní Sugar Land l'Amẹ́ríkà, ó dí gbogbo ojú ọ̀nà. Misturah, ìyàwó rẹ̀, jáde wá wò ó.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn òyìnbó ọ́fíìsì wa náà ní irú rẹ̀. Àwọn ìlú àtijọ́ ni wọ́n fi ń lọ wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn."

Misturah pòṣé. "Ilé oníyàrá márùn-ún la ní. Ẹ wá fẹ́ ká máa sùn nínú mọ́tò, ká máa gbé ìgbẹ́ ara wa kiri?"

Ẹnjiníà ni Ùsáínì. Misturah ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Fondren Southwest, ìdúró sì máa ń mú kẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú. Ìsinmi tó ń wá kò ju kó nasẹ̀ sórí àga lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti dé fìlà kaboi, ó ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé òun ń lọ. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti Ummulkhair ọmọ wọn gbéra.

Ní ìlú àkọ́kọ́, wọ́n wo ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Misturah ka ọdún tó wà lára ògiri: 1891.

"Ilé tí wọ́n bí bàbá mi àgbà sí n'Ísẹ́yìn ti pẹ́ ju èyí lọ," ló wí. "Ewúrẹ́ la ń so mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ilé funfun ńlá kan létí odò Brazos. Obìnrin òyìnbó kan tó wọ gáùn gbọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti ayé ijọ́un ló ń mú àlejò yí ilé ká. Ó fi síbí fàdákà hàn wọ́n. Ó ní ọ̀gá tó ni ilé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún 1848.

"Ta ló mọ bíríkì?" ni Misturah béèrè.

"Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀."

"Òṣìṣẹ́ àbí ẹrú?"

Ẹ̀rín kan wà tí àwọn ọkùnrin kan máa ń rín níwájú òyìnbó. Ùsáínì rín in. Ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú sí ìyàwó mi," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé."

Misturah tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn kó tó tẹ̀lé e wá Amẹ́ríkà! Irun tó ń dì ló bọ́ ọkùnrin yìí nígbà tó padà sí yunifásítì.

Misturah jáde. Cornelius, bàbá aláwọ̀dúdú tó ń gé koríko níta, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú fèrèsé. Ó mú òun àti Ummulkhair lọ sẹ́yìn pápá màlúù. Òkúta ṣákálá ni wọ́n fi sàmì sí sàréè àwọn ẹrú níbẹ̀, kò sí orúkọ lára ìkankan.

"Ìyá ìyá mi àgbà wà níbí," ni Cornelius wí. "Mi ò mọ èwo."

Misturah tẹ́wọ́ àdúrà. Kò tíì ṣe àmín tí fèrè ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ó tó o!" Ùsáínì ń pariwo. "Ìlú tó kàn ni wọ́n ti ń ṣe páì tó dùn!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Misturah máa ń pe ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ máa lọ," ló wí.

"Èmi lò ń bá wí?"

"Ìwọ náà ni. Lọ jẹ páì."

Cornelius fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé ìyá àtọmọ dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹrin ni Ùsáínì tó wọlé, ó kó ife tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lára dání.

"Ṣé inú ti rọ̀?"

"Inú ò bí mi. Mo kàn rí ọ dáadáa ni."

Wọn ò kọ ara wọn. Misturah ń se oúnjẹ, ó ń gbé e kalẹ̀, ó sì ń kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Misturah àti Ummulkhair kó àdá àti réèkì, wọ́n lọ bá Cornelius. Wọ́n ti ro ìdajì ilẹ̀ sàréè náà nígbà tí obìnrin onígáùn yọ sí wọn, ó ní ṣé wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Misturah wò ó látòkè délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.