Ìyá Àgbà Kò Fi Ojú Rẹ̀ Ta Olú

Omi olú ń hó lórí àdògán nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta ìyẹ̀fun olú tún gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá tó bí bàbá mi jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré họ yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìdí olú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ló máa ń fi í ránṣẹ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì máa rùn bí ilẹ̀ tútù.

Ìyá Àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ awọ ojú rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sí Marina. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi wá a wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Olú gbígbẹ ló ń lọ̀ sínú agolo, ó ní kì í jẹ́ kéèyàn darúgbó. Ó fẹ́ lẹ fọ́tò Ìyá Àgbà mọ́ ara agolo. Èmi ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa.

Ìyá Àgbà fún un lómi mu. Ó gbà pé olú ń ṣe ara lóore. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

“Àbúrò mi obìnrin fẹ́ràn olú jù mí lọ. Inú àwo kan náà la ti jẹ ẹ́ dàgbà. Kò pé àádọ́ta ọdún tí Ọlọ́hun fi gbà á. Tí mo bá gbé ojú mi lé agolo rẹ, kí ni kí n sọ nípa tirẹ̀?”

Ọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó máa béèrè.

“Èmi á bi ara mi.”

Ìyá Àgbà bu ọbẹ̀ fún un, ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó sì lọ. Mo sunkún. Ìyá Àgbà ní kí n lọ sọ níléèwé pé òun kọ̀. Mo sọ ọ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ olú wò ní yunifásítì. A ti rí èròjà nínú rẹ̀ tó lè dín gbígbó ara kù, àmọ́ inú ìgò àyẹ̀wò ní yàrá ìwádìí la ti rí i, a kò tíì rí i dájú lára èèyàn. Àwọn oníṣòwò máa ń fẹ́ kí n yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrò. N kì í yọ ọ́. Ìyá Àgbà kò kàwé rí, ṣùgbọ́n orí mi máa ń wú láti sọ pé òun ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́: òun ló kọ́ mi pé kí n máa ka ẹni tí olú kò ṣiṣẹ́ fún mọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún.