Etí Káàdì Oògùn tí Mo Ń Gé Dànù

Òjò ti ń ṣẹ́ wínniwínni láti ìdájí lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ sì ti kún ọ̀nà wa tó já sí Siluko Road ní Benin débi pé kẹ̀kẹ́ kankan ò wọlé. Mo jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, nígbà tí mo rí obìnrin méjì tí wọ́n ká aṣọ sókè tí wọ́n ń bọ̀. Mo mọ ohun tó ń gbé wọn bọ̀. Ìpàdé àdúgbò ti ní kí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta gàrí àti ọṣẹ má ta oògùn òyìnbó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ oògùn títà fún yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lábúlé wa lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, inú agolo mílíìkì ni ìyá mi ń kó oògùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà. Èmi ni mo ń kà á fún oníbàárà. Funfun ni ti orí fífọ́, yẹ́lò ni ti ibà, pupa ni ti ẹ̀jẹ̀. Ìwé méjì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n n kì í ṣi àwọ̀ mú. Àwọn àgbà a máa pè mí ní dókítà kékeré, inú mi a sì dùn. Bí ẹnì kan bá lò ó tí ó kú, wọ́n á ní àkókò rẹ̀ ló tó. Kò sẹ́ni tó ń bi agolo léèrè.

Bí mo ṣe ń ṣe é náà nìyẹn nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Benin. Inú káàdì ni oògùn wà báyìí, ṣùgbọ́n ta ló ń rówó odindi káàdì? Mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé e, hóró méjì, hóró mẹ́ta. Àánú ni mo pè é. Etí káàdì náà ni mo ń kọ́kọ́ gé jù sí pàǹtí, torí ó le, ó máa ń gún èèyàn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ọmọ Benin, ló ṣáájú. Ó mú káàdì kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Mama, abeg, where the date?"

"Déètì wo?"

Ìyá aránṣọ tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. "Etí tẹ́ ẹ gé dànù yẹn ló wà, Mọ́mì! Ẹ ti gbé déètì tí oògùn ń bàjẹ́ fún àwọn onípàǹtí!"

"Ṣebí ìwọ náà ra ti orí fífọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. "Mo rà á, mà. Mo tiẹ̀ ti lò ó."

Mo gbé páálí oògùn náà fún wọn. Páálí ò dùn mí. Ọmọdébìnrin tí onídìrí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ni ọkàn mi lọ sí. Ibà ti dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ mi sì ni ìyá rẹ̀ ti ń ra oògùn. Àná ló tún wá ra òmíràn pé ti àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, ó sì tún ń dúpẹ́. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa fún ọmọ ní èyí tó kù. Bí mo bá sọ ọ́, Mọ́mì tí gbogbo ojúlé ń kúnlẹ̀ kí yóò di ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ júwe. Mo ní kí òjò dá ná. Òjò dá, n kò dìde. Ìtìjú ni, kì í ṣe òjò.

Ẹ má fòyà, ọmọ náà wà láyé. Ṣùgbọ́n ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà ayé ìyá mi, ẹni tó ń tà kò mọ̀, ẹni tó ń rà kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tí wọn ì bá bi. Lónìí wọ́n kọ déètì sára oògùn, ẹni tí kò lè kà á sì lè bèèrè. Èmi ò bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kan ilẹ̀kùn onídìrí ní kùtù, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin kẹ̀?" Mo pọn ọmọ náà, ara rẹ̀ ń jó mi lẹ́yìn, a la ẹrẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Dókítà na káàdì gígé tí ìyá ọmọ mú wá sókè, ó bèèrè ẹni tó tà á. Ìyá ọmọ wolẹ̀, kò fẹ́ dárúkọ mi.

Mo ní, "Èmi ni."