Ohùn Ẹni Tó Ń Wọn Odò

Ní Port Harcourt, àárọ̀ ọjọ́ Sunday ló máa ń nira jù fún Mùsùlùmí tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé. Gbogbo àdúgbò á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa á ti ilẹ̀kùn, ọlọ́kadà á di ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn fèrèsé mi á ti wọ ṣòkòtò gígùn, wọ́n á ti bá àwọn òbí wọn lọ. Orin á máa dún láti ìhín àti láti ọ̀hún. Èmi á wà lórí àga nínú yàrá mi. N ó ti kírun Súbúhì, n ó ti ka Kùránì, n ó ti fọ aṣọ, oòrùn kò sì tíì gòkè.

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni mo dé ìlú náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wọn odò, tó sì ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá, ló gbà mí síṣẹ́. Ìyàwó mi bá mi wá, ó sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ tó ní ní Ìlọrin kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ padà. Mo máa ń pè wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù ṣòwò. Ọmọ mi obìnrin á ní, "Dádì, kí lẹ jẹ?" N ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì á máa gbọ́ bí àwọn tó tò sẹ́yìn mi ṣe ń kùn.

Lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì, láàárín àwọn àwòrán àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wò mọ́, mo rí àwòrán odò Ọya kan. Wọ́n fi àmì kéékèèké sí etí omi láti ìsàlẹ̀ odò títí dé Jẹ́bà. Ibi tí ọkọ̀ eléèéfín, tí àwọn àgbà ń pè ní sítímà, ti ń dúró gba igi ìdáná ni àmì kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó ń gé igi yẹn ní Jẹ́bà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń sọ bí sítímà ṣe ń bọ̀ nígbà tí odò bá kún, kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbá omi, iyọ̀ àti aṣọ nínú rẹ̀, àti bó ṣe ń kó ẹ̀pà àti òwú padà sísàlẹ̀. Mo ti rò pé àlọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀, bí Ọlọ́run bá fún mi lẹ́mìí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní, "Epo rọ̀bì ni gbogbo ayé ń wá nínú omi yìí. Ìwọ, èéfín lò ń wá."

Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa nìkan ló ràn mí lọ́wọ́. Ó sọ fún mi pé bàbá arúgbó kan wà ní Iwofe, létí omi, tó ṣiṣẹ́ nínú sítímà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Bàbá náà dá jókòó níwájú ilé pákó kan, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń yan ẹja tà, tí wọ́n jọ ń gbé, ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi Pidgin kí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Sọ Yorùbá, jàre," ó ní. "Pidgin rẹ ń ká mi létí."

Ọmọ Kálábárì ni, ẹ̀yà kan létí omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja, àárín àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ ló sì ti kọ́ èdè wa. Ó ń sọ ọ́ bí àwọn àgbà ìlú mi ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìda èdè mìíràn mọ́ ọn. Àwọn ará mọ́sálásí wa ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Pidgin, àwọn ọmọ wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ. Ní ìlú yẹn, Kálábárì ni mo ń bá sọ èdè ìyá mi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sunday ni mo ń lọ sí Iwofe. Ó rí i pé mo ń kírun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ mí ní Aáfà.

Wíwọn omi ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Iyanrìn ìsàlẹ̀ odò Ọya kì í dúró sójú kan, ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá lánàá lè di òkìtì lónìí. Nítorí náà ó máa ń dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa, á tì í bọ omi, á wo ibi tí omi mu ún dé, á sì ké jíjìn rẹ̀ fún awakọ̀ tó wà lókè. Wọ́n ń pe èyí ní pípe omi. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà jíjìn kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀, orin yẹn ni awakọ̀ sì ń tẹ̀ lé. Bàbá sọ pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, òun nìkan ló kù.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo mọ ohun tí mo ń wá. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí àti ẹrù tó kó ṣeé kọ sórí bébà. Orin yẹn kò ṣeé kọ. Bí bàbá náà bá kú, ó parí.

Mo gbé rẹ́kọ́dà wá, mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó pe omi fún mi. Ó yí ojú ká.

"Níbo lomi wà?"

"Bàbá, kí ẹ kàn ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ni."

"Orí ilẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá pe omi níbi tí kò sí omi, irọ́ ló pa fún awakọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, èbúté tó bá wà níwájú ni wọn yóò já a sí." Ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. "Aáfà sì ni ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Níkẹyìn, mo háyà ọkọ̀ onígi kan àti ẹni tí yóò wà á, a gbé bàbá sínú rẹ̀, a sì fi igi ọparun gígùn lé e lọ́wọ́. Kí n tó tẹ rẹ́kọ́dà, mo ní, "Bísímílláhì." Ó ní, "Ó dáa, Aáfà Sítímà, bí o bá ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán, jẹ́ kí èmi bá awakọ̀ sọ̀rọ̀." Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n. Níbi tí igi kò ti kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ gùn, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń na ara lẹ́yìn oorun. Bí a ṣe ń sún mọ́ etí omi, orin náà ń yí padà, ó ń kúrú sí i, ó sì ń wálẹ̀. Àwọn apẹja dá àjẹ̀ wọn dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkọ̀ yẹn, omijé sì wà lójú mi, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ilé kéwú, aáfà wa kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere kankan láìkọ Bísímílláhì sí orí rẹ̀. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe. Mo kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì náà ní lẹ́tà kéwú, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sórí ohun gbogbo, mo sì kọ àlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike tí mo fi í sí.

Yàrá mi nìkan ni òjò kì í jò sí nínú ọgbà wa, ibẹ̀ ni a sì ń tọ́jú páálí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí mọ́sálásí sí. Ẹni tó ń gba wáàsí sílẹ̀ jẹ́ télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Ó ní kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́. Bí Ramadan bá dé, á kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá, á gba tàfúsírì tuntun, ìtumọ̀ Kùránì tí lèmọ́mù ń ṣe nínú ààwẹ̀, lé wọn. Ọdún yẹn, èmi wà lójú omi fún iṣẹ́ nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo fi kásẹ́ẹ̀tì mi sínú rẹ́kọ́dà lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí n tó lọ wá ohun tí n ó fi ṣínu. Ohùn lèmọ́mù wa ni mo gbọ́. Ó ń ṣàlàyé ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́.

Mo yí i síwájú. Lèmọ́mù ni. Mo yí ojú kejì. Lèmọ́mù ni.

Mo kan ilẹ̀kùn télọ̀. Ó jáde pẹ̀lú tépù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

"Àlàájì, ẹ káàbọ̀ o," ó ní. Àlàájì ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì dé Mẹ́kà. "Ẹ ti gbọ́ tàfúsírì yẹn? Ti ọdún yìí dùn."

"Níbo lo ti rí kásẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Lórí tábìlì yín, kò sí nínú ike kankan. Mo rò pé ẹ mú un látinú páálí láti gbọ́ ọ ni. Bísímílláhì ni mo rí lára ẹ̀, bíi ti àwọn yòókù." Ó wo ojú mi. "Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Nígbà tí mo sọ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Mo ní kí ó dìde. Ohun tí ó rí ni ó tẹ̀ lé, èmi náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ bí mo bá wà nípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ni ó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà báyìí, ta ni mo fẹ́ fi sùn, ọ̀dọ̀ ta ni n ó sì gbé ẹjọ́ náà lọ? Mo fi omi àti dàbínù ṣínu nínú yàrá mi, n kò sì lè jẹ oúnjẹ mìíràn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo lọ sí Iwofe. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, nítorí náà ọmọ bàbá wà nílé, ó ń to ẹja sórí ààrò. Ó sọ fún mi pé bàbá ti ṣubú nígbà tí òjò rọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó dìde mọ́. Mo bá a lórí ibùsùn. Ó ti rù. Mo jókòó tì í, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́. "Nítorí náà lèmọ́mù gun orí mi," ó ní. "Ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ bí omi ṣe jìn tó?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè é fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Níbo lomi wà?"

N kò lè gbé e lọ sójú omi, òun náà sì mọ̀. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ti ń fetí sí wa láti ẹnu ọ̀nà. Ó jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú bàsíà omi odò, ó gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Papa, water dey here," ó ní, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

Bàbá wo omi náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi. Mo ti tẹ rẹ́kọ́dà. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó na ọwọ́, ó ti àwọn ìka rẹ̀ bọ inú bàsíà náà tààrà títí wọ́n fi kan ìsàlẹ̀, ó wo ibi tí omi mu wọ́n dé. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó sì ké orin kan ṣoṣo, kúkúrú, líle, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Èyí tó wà fún iyanrìn ni, èyí tó ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó dá ọkọ̀ dúró.

Mo dúró de àwọn yòókù.

"Ó tán," ó ní. "Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyẹn."

Ó kú kí Iléyá ọdún náà tó dé. Ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì bá wọn dúró létí sàréè nígbà tí pásítọ̀ wọn ń gbàdúrà. Èmi náà gbàdúrà tèmi nínú ọkàn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì ti kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ náà tán, Àlùhámúdùlílááhì. Ohùn bàbá wà nínú fóònù mi, kò gùn ju ìmí kan lọ. Àwọn orin yòókù wà lórí mi, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Sunday mìíràn mo máa ń lọ sí etí omi ní Iwofe, n ó sì gbìyànjú èyí tó gùn jù lọ. Nígbà mìíràn ó ń lọ sókè bí mo ṣe gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn ó dà bí ìpè ìrun ní ẹnu mi. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi mọ́ pé, "Rárá, Aáfà, kò rí bẹ́ẹ̀." Nítorí náà, nínú ìwé náà, mo kọ ọ́ pé orin kan péré ni mo gbà sílẹ̀ láti ẹnu bàbá, pé bí mo ṣe rántí ìyókù ni mo kọ wọ́n, àti pé kí ẹni tó bá kà wọ́n má fi wọ́n tu ọkọ̀.