Ìpá Tí Díákónì Akínwándé Kò Ní

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Díákónì Akínwándé, tísà tó ti fẹ̀yìntì sí Akanran, kì í kúrò ní yàrá láìdi bẹ́líìtì. Bí iró ìyàwó wọn ni wọ́n ró, wọ́n á di bẹ́líìtì lé e.

Bẹ́líìtì yìí ló tú àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Adémidé, ìyàwó wọn, rí i tí irin rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí ikùn wọn bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n gbọ̀nà Ìbàdàn. Ní ọsibítù, kò sí bẹ́ǹṣì tí Díákónì kò jókòó mí lé lórí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Olúwabùnmi.

“Bàbá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn yín ti wú bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tó gbó. Bó bá bẹ́, kò sátúnṣe.”

“Ẹ la ikùn, kẹ́ ẹ tún un ṣe.”

“Ọkàn yín ti rẹ̀ jù. Bá a bá la ikùn, ẹ lè má jí. Ìdí itan la máa gbà. A ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan gòkè, á gbé aṣọ onírin lọ tẹ́ síbi tó wú, kẹ́jẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá.”

Nígbà tí Màmá Adémidé délé, ohun tí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà ni pé, “Abẹ́ ni wọ́n máa gbà.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di ìpá káàkiri Akanran. Àwọn ìyá ìjọ kúnlẹ̀: “Olúwa, bá wọn sọ ẹrù náà kalẹ̀.” Àlááji Ṣítù, ọ̀rẹ́ Díákónì, yà wá kí wọn.

“Tísà, àṣé ohun tí bẹ́líìtì ń gbé dúró látọjọ́ yìí nìyẹn!”

Díákónì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àlááji lọ, Díákónì ní kí àwọn dókítà kúkú la ikùn àwọn.

“Ojú ọgbẹ́ ikùn ṣeé fi hàn èèyàn.”

“Ta lẹ fẹ́ fi hàn? Àwọn tó wá sin yín?” Màmá Adémidé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Adémidé. Kí n máa wí fún wọn níbi ìsìnkú pé ìpá tẹ́ ẹ ò ní ló pa yín?”

“Ó rẹ èmi náà,” ni Díákónì wí. Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n nà án sí ìyàwó wọn.

Wọ́n gba ìdí itan. Díákónì jí. Èémí wọn kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ikùn ti dákẹ́. Àlááji Ṣítù tún dé.

“Wọ́n ti gé e?”

“Wọn ò gé nǹkan kan. Iṣan inú ikùn ni.” Díákónì ká ẹ̀wù sókè: ikùn ń dán, kò sí àpá. Àlááji wò ó, ó mi orí bí ẹni tó ń kẹ́dùn.

“Mo gbọ́, Tísà. Ikùn ni.”

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ẹ̀rí jíjẹ́. Pásítọ̀ ti kìlọ̀ pé kí ẹni tí Olúwa wò sàn má fi iṣẹ́ Rẹ̀ pa mọ́. Gbogbo àpá tí Díákónì ní kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ibi tó sì wà la ti sọ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlànà ìjọ, ibo gan-an ló yẹ kí díákónì bọ́ ṣòkòtò dé níwájú pẹpẹ?