Nọ́ọ̀tì Ẹ̀gbẹ́ Òsì

Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin mi ti fi ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Malu Road, kò sì sí ọ̀sán kan tí ọkàn mi kì í wà lára ojú rẹ̀ àti ìka rẹ̀. Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi, ni èmi ti ń ṣiṣẹ́ ẹrù kíkà. Bí àyè ìsinmi bá ti yọ, màá lọ wò ó.

Ọ̀gá rẹ̀ ti fi lọ́rì àtijọ́ kan, tí òjò ti pa títí, dán an wò. Bó bá tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì láì gé bóòtì kankan, wọ́n á ṣe fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ lóṣù náà, á sì di ọ̀gá ara rẹ̀.

Ó ti tú ti ọ̀tún tán lọ́jọ́ tí mo dé. Ti òsì ló kù. Láti àná ló ti da epo díísù sí àwọn nọ́ọ̀tì tó dípẹtà náà. Ó fi òòlù kàn wọ́n jẹ́jẹ́, ó ki sípánà bọ ọ̀kan, ó fi páìpù mú ọwọ́ rẹ̀ gùn sí i, ó sì ń tì í sí ọ̀tún.

Mo pariwo. "O ń dè é ni! Òsì ni wọ́n ń yí i sí!"

"Dádì, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́rì àtijọ́ nìyí. Òdì ni tiẹ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń tú u sí. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ lọ ka páálí yín o!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Mo rò ó pé bí páìpù yẹn bá yọ̀, ẹnu ọmọ mi ni yóò bá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré mi fúnra mi. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ó yí díẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

Ó dún kà! Nọ́ọ̀tì já sínú sípánà pẹ̀lú orí bóòtì.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ti Amukoko dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tó gé.

"Ta ló gé e?"

Mo la ẹnu. Ọmọ mi wò mí, ó wo àwọn tó dúró yí wa ká, ó sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Mo pa ẹnu mi dé.

"Oṣù mẹ́fà sí i," ni ọ̀gá rẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ.

Ọmọ mi dìde, ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó ń sàmì sí àárín ìdí bóòtì tó kù sínú, kó lè rí ibi tí yóò ti dá a lu láti yọ ọ́. Kò gbójú sókè.

"Ṣé páìpù yẹn ò ṣe yín léṣe?"

Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ, kí n má baà pẹ́ débi iṣẹ́. Mo lọ. Oṣù kẹrin rè é, n kò tíì padà lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èmi ni.