Kòkòrò Tó Jẹ Aṣọ Gbádéyan

Ernest Gbádéyan kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1968, lójú ọ̀nà Ìdá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ rí òkú rẹ̀, àlùfáà rí i, àwọn tó gbẹ́ sàréè rí i, gbogbo Kabba ló rí i. Ọdún kẹtàlá rèé, ìjọba nìkan ni kò tíì rí i.

Ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ẹ̀rín ti ń pa mí, n kò sì lè dá a dúró. Mo rín in lórí oúnjẹ, mo rín in nínú ìsìn, àwọn ẹgbẹ́ akọrin yíjú wò mí. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní kì í ṣe àìsàn, ìjọba ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Gbádéyan, ẹ pàdánù. Awakọ̀ lọ́rì ni. Kabba sí Mopa, Mopa sí Ifẹ̀-Olúkòtún ló ń ná, fèrè ọkọ̀ rẹ̀ sì máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí ọkọ̀ tó yọ. Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ fún èrò inú ọkọ̀, ìtàn katikíìsì kan àti òbúkọ tó bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ju ogún ìgbà lọ tí mo gbọ́ ìtàn yìí, n kò gbọ́ ìparí rẹ̀ rí. Bó bá ti dé ibi tí òbúkọ ti gun pẹpẹ, ẹ̀rín á mú un, á máa fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, omi á máa dà lójú rẹ̀, gbogbo wa á bá a rín in láìmọ ohun tí à ń rín sí. Irú èèyàn tí ìjọba wá pè ní agbébọn fún ọ̀tá nìyẹn.

Nígbà tí ogun abẹ́lé gbóná, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá kún apá Ìdá, ní òdìkejì odò Ọya. Àwa ní Kabba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, a pè é ní Ọwọ́ Àánú. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni akọ̀wé. A kó èlùbọ́ jọ, a kó gààrí àti iyọ̀, a sì rí àpò mílíìkì oníyẹ̀fun gbà fún àwọn ọmọ ọwọ́. Gbádéyan ní òun á wa ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba fún wa níwèé ìrìnnà, wọ́n sì pàṣẹ pé a gbọ́dọ̀ ta àgbélébùú pupa ńlá sórí ọkọ̀, lórí aṣọ funfun, kí ẹni tó wà nínú bàálù lè rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Àwọn fúnra wọn ló pàṣẹ rẹ̀.

Aṣọ funfun kò ṣòro. Aṣọ pupa ni a wá títí tí a kò rí, nítorí ogun ti gbẹ ọjà. Ni Ọmọ́ṣọlá, ìyàwó Gbádéyan, bá wọ yàrá, ó gbé aṣọ ìpò bàbá rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ará ilé mọ ohun tí mo wí. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá láti òkèèrè, aṣọ pupa Bùnù ni, èyí tí wọ́n fi ń bo òkú ẹni ńlá. Olóyè ni bàbá Ọmọ́ṣọlá ní Òkè-Bùkún, aṣọ yìí sì ni ogún tó fi sílẹ̀ fún un. Ahunṣọ ni Ọmọ́ṣọlá fúnra rẹ̀, ó mọ iye oṣù tó wà nínú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì.

Ìyá rẹ̀ figbe ta. "Ọmọ́ṣọlá! Aṣọ òkú lo fẹ́ tẹ́ lé orí ọkọ̀ alààyè?"

"Yèyé, ọmọdé ló ń kú lọ́hùn-ún."

Gbádéyan ti ń rẹ́rìn-ín látẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ó gé e, Yèyé. Awakọ̀ wo ló tún wà ní gbogbo Kwara tó ń fi aṣọ olóyè bo orí lọ́rì? Òní ni mo joyè! Tíṣà, ẹ kí mi ní kábíyèsí!"

Mo kí i ní kábíyèsí. Ọmọ́ṣọlá fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rán an títí òwú funfun fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òwú búlúù parí rẹ̀. Nígbà tí a ta á sórí ọkọ̀, ó pupa débi pé mo rí àṣá kan tó yí ọ̀nà padà lókè. Bí àṣá bá lè rí i, kí ni ojú ọmọ èèyàn ń wá?

Àwa méjì la wà níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. A ti kọjá odò, oòrùn wà ní àtàrí, Gbádéyan sì ti mú òbúkọ dé ẹsẹ̀ pẹpẹ nígbà tí a gbọ́ bàálù. Ó fò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka nọ́mbà tí wọ́n kọ sábẹ́ apá rẹ̀. Bàálù ológun tiwa ni. Gbádéyan dá ọkọ̀ dúró, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń jù ú sókè.

"Tíṣà, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá kí wọn! Àwọn ọmọ wa ni! Òkun o! Òkun o!" Bí àwa ará Kabba ṣe ń kíni nìyẹn.

Bàálù kọjá lọ. Ó yí po lókè igi, ó tún ń bọ̀. Inú Gbádéyan dùn. Ó yíjú sí mi, eyín rẹ̀ funfun nínú oòrùn. Ó ní, "Hàbá! Wọ́n tún padà wá kí wa!"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ìjọba wá ní ohun ìjà la kó. Ẹrù wa kan ṣoṣo tó bú lọ́jọ́ náà ni mílíìkì. Ọta ìbọn bàálù ya àpò rẹ̀, ó bú, ó bo igbó, ó bo ọ̀nà, ó bo èmi tí mo ti kó sínú kòtò. Nígbà tí mo jáde láti wá ìrànlọ́wọ́, gbogbo ará abúlé tó rí mi ló sá, wọ́n rò pé iwin ni. Mo ń sá tẹ̀ lé wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sá lọ. Bí Gbádéyan bá rí mi, ẹ̀rín ì bá pa á. Mo ń rín in bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì ń sunkún, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kan tọ̀ wá wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Kò kí ẹnikẹ́ni kú ọ̀fọ̀. Ó ká aṣọ tó wà lórí ọkọ̀, ó ní ẹ̀rí ni, òun á dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi bo ọkọ òun ná. Ó ní kí ìyàwó fọkàn balẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò pẹ́. Ṣíìtì ibùsùn la fi sin Gbádéyan.

Ẹ wá gbọ́ èsì ìjọba. Lẹ́tà kìíní sọ pé kò sí bàálù kankan tó yìnbọn sí lọ́rì kankan lọ́jọ́ náà. A fèsì pé lọ́rì tí a wọ́ wálé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá wò ó, adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Lẹ́tà kejì gbà pé lọ́rì wà, ó ní kò ní àmì lórí, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun ìjà ló kó lọ fún àwọn ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ yìí ló tàn dé ilé ìwé, tí àwọn ọmọdé fi ń pe Bíọ́lá ọmọ Gbádéyan ní ọmọ agbébọn. A fèsì pé ọwọ́ yín ni àmì wà, ẹ̀yin lẹ ká a lọ. Lẹ́tà kẹta wá gbà pé àmì wà, ṣùgbọ́n aṣọ iyebíye ni, ẹgbẹ́ àánú tòótọ́ kò lè ní irú rẹ̀, èyí ló mú kí ẹni tó wà nínú bàálù fura. Ẹ ò rí i? Ojú ọ̀run ló wà, ó ti mọ aṣọ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára! Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọjà ló yẹ ká rán an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé pe ẹlẹ́rìí wọn àkọ́kọ́, ẹni tí í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Ernest Gbádéyan, kó fara hàn ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kó mú ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ dání. Mo fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan dúpẹ́ fún ìpè wọn, àmọ́ ibi tó wà kì í jẹ́ kí èèyàn tètè jáde. Èmi fúnra mi lọ síbẹ̀, wọn kò gbọ́ tẹnu mi, wọ́n ní n kì í ṣe awakọ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé ìgbìmọ̀ kábàámọ̀ bí ẹlẹ́rìí kò ṣe yọjú, wọ́n ti pa fáìlì dé. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ ni mo kọ nọ́mbà abẹ́ apá bàálù náà sí. Títí dòní, kò sí èsì kan tó mẹ́nu bà á. Ìjọba ológun ti kógbá lọ, ìjọba alágbádá ti dé, agbádá náà kò fẹ́ ṣí fáìlì.

Ó ku ti Sátidé. Ìjọba ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìlọrin, wọ́n pe àwọn ahunṣọ Kabba, Ọmọ́ṣọlá wà lára wọn, mo sì tẹ̀ lé wọn kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. A ń wo ohun tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Ọmọ́ṣọlá dúró. Ó dúró pẹ́. Aṣọ funfun kan wà níbẹ̀ nínú férémù, àgbélébùú pupa lórí rẹ̀, òwú búlúù létí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Aṣọ ìbílẹ̀ láti agbègbè Kabba. A kò mọ ẹni tó ṣe é. Ihò ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò.

Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó ń bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, Olúṣèyí lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, sáré dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni."

"Ta ló sọ pé kòkòrò ni, ọmọ mi?"

"Ó wà nínú fáìlì, Mà."

Férémù náà kò ní dígí. Ọmọ́ṣọlá ki ìka bọ inú ihò kan, ó ki òmíràn bọ inú èkejì. "To," ó ní. "Kòkòrò yìí mà lágbára o. Ó jẹ aṣọ, ó jẹ irin lọ́rì, ó sì jẹ ọkọ mi." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A di ara wa mú, àgbàlagbà méjì, à ń rín in, a kò lè mí, àwọn àlejò ń wò wá, ẹ̀ṣọ́ méjì sì wá mú wa jáde. Ìjọba lé opó jáde kúrò níwájú aṣọ bàbá rẹ̀ nítorí pé ó rẹ́rìn-ín.

Níta, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò le mọ́, dókítà ti sọ fún un. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ mọ ìparí ìtàn òbúkọ?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Ó sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó gbé mi níyàwó. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ tí mo bá fi aṣọ mi bo sàréè rẹ̀, n ó sọ ọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe kíá, n kò fẹ́ gbé ìtàn náà wọ sàréè."

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba wa, ẹ ṣe kíá. Ẹ já aṣọ obìnrin yìí kúrò lára ògiri, kí ọ̀gá kan tó tó ọ̀gá gbé e wá sí Kabba fúnra rẹ̀, kó sì kí i kú ọ̀fọ̀. Ẹ kọ ìwé kan ṣoṣo pé mílíìkì ni Ernest Gbádéyan kó, ká lè kà á síta nílé ìwé tí wọ́n ti pe Bíọ́lá ní ọmọ agbébọn. Bí ẹ bá sì ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò, ó dáa, mo gbà fún yín. Kòkòrò ni. Mo mọ nọ́mbà tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó wà nínú fáìlì yín lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ sọ ẹni tó rán an jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà fún wa. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, tó rí ọkùnrin kan tó ń ju fìlà sí i, tó kọjá, tó sì tún yí padà.