Ibtihal Kò Ṣubú

Ibtihal, tíṣà ìṣirò tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìlú Nasiriya, ní Iraq níbí, ti kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú. Irọ́ ni! Ó pa ara rẹ̀, àwa la sì lé e débẹ̀.

Ta ni kò mọ Muzahim, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀? Ó fi nahwa dè é, àṣà wa tó gbà kí ọkùnrin sọ pé ọmọbìnrin ìdílé òun kò gbọdọ̀ lọ sílé ọkọ. Muzahim ò fẹ́ ẹ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fẹ́ ẹ. Nígbà tí apoògùn kan wá tọrọ rẹ̀, Muzahim yìnbọn sí ilẹ̀kùn ilé onítọ̀hún lọ́sàn-án gangan. Ọta fọ́ orúnkún ìyá apoògùn náà. Wọ́n ní ọlá ìdílé nìyẹn. Ọlá wo ló wà nínú orúnkún arúgbó?

Lọ́jọ́ tí Muzahim lù ú, èmi aládùúgbò rẹ̀ ni mo bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ń mu tíì.

"Arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí o. Lọ bẹ àwọn àgbà yín."

"Àwọn àgbà náà ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí Muzahim ń lù mí."

"Ẹnu rẹ mú o, tíṣà! Àbájọ tí wọ́n fi ń nà ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe Muzahim kó wá mú un lọ sílé.

Nígbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti kú, ó yè é. Ẹbí sọ fún dókítà pé ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà mọ̀ pé irọ́ ni, ó di egbò rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó dá a padà fún àwọn tó ń nà án. À ń bo àṣírí, àbí? A bò ó títí ó fi di òkú.

Ibtihal yìí á ya búrẹ́dì gbígbóná sí mẹ́rin láti fi kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò, á sì ju ìdá kan sẹ́nu: "Mo ti gba owó iṣẹ́ mi. Mélòó ló kù, ìwọ olè kékeré yìí?" Ó dùn mí dé eegun. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn ò pàgọ́ ìbánikẹ́dùn fún, tí wọn ò ka Fátíà fún, nítorí ìtìjú. Muzahim ò tijú ní tirẹ̀. Ìlà iwájú ló wà ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi sàréè dé ni Muzahim ránṣẹ́: nahwa ti kan Wasan, àbúrò Ibtihal, báyìí. Ọmọ náà fo ògiri wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí mo bá kú kí ẹ tó kọ orúkọ mi."

Mo ti kọ ọ́ síbí, kí gbogbo ìlú lè kà á. Kí wọ́n mú Muzahim. Kí wọ́n yọ ọ̀gá tó rẹ́rìn-ín yẹn, kí dókítà sì wá sọ ohun tó rí níwájú adájọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ di Ibtihal lọ́wọ́ mú, mo mọ ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wasan wà nílé mi. Muzahim ti mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Mo fẹ́ ọlọ́pàá méjì lẹ́nu ọ̀nà mi kí oòrùn òní tó wọ̀. Bí wọn ò bá wá, kí ọ̀gá wọn jáde sígboro, kó sọ fún wa pé òun gbà kí wọ́n pa Wasan.